Ẹ má tíì dá kásẹ́ẹ̀tì kẹ̀kẹ́ padà, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ṣéènì gbà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú wàhálà. Ẹ ní ẹ pààrọ̀ ṣéènì àti kásẹ́ẹ̀tì kẹ̀kẹ́ yín, ìyẹn àwọn irin eléyín tó wà nídìí táyà ẹ̀yìn, oní-gíà mẹ́jọ, àti pé láti ọjọ́ náà ló ti ń dún gara-gara ní gbogbo gíà. Bí ẹ bá dẹ́kun pẹ́dàlì, á dákẹ́. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ dá kásẹ́ẹ̀tì padà fún ẹni tó tà á.

Ohun tó ṣe mí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Tòkunbọ̀ ni tèmi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kó ṣéènì tuntun sí i, àfi ariwo. Mo gbé e tọ rìpíà kan lọ n'Ìbàdàn níbí, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní ọ̀gá. Kò gbé táyà ẹ̀yìn sókè, kò yí pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní ṣéènì tuntun ni, pé ara rẹ̀ á rọ̀ bó bá yá. Mo gùn ún fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí mo bá ń gun òkè Mọ́kọ́lá, bí ìgbà tí wọ́n ń lọ àgbàdo gbígbẹ lórí ọlọ ni. Mo padà lọ, ó ní kásẹ́ẹ̀tì ló ti jẹ. Mo ra kásẹ́ẹ̀tì. Ó ń dún. Ó ní bẹ́ríǹ ìdí pẹ́dàlì ni. Mo ra ìyẹn náà, òòlù ló fi gbá a wọlé níṣojú mi! Ó ṣì ń dún. Owó tí mo yà sọ́tọ̀ fún ilé-ìwé ọmọ ni mo ti ń fọwọ́ kàn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo dojú kẹ̀kẹ́ dé, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo ń fọwọ́ yí pẹ́dàlì díẹ̀díẹ̀. Nínú derailleur ẹ̀yìn, irin tó ń gbé ṣéènì láti gíà kan bọ́ sí òmíràn, láàárín rólà kékeré méjèèjì, irin pẹlẹbẹ kan wà tó yọrí bí ètè. Kò yẹ kí ṣéènì fara kàn án rárá. Ẹ̀gbẹ́ òdì ni mo gbé tèmi gbà. Irin ń ha irin látọjọ́ yẹn wá, ojú ibẹ̀ ti ń dán bí ẹnu ọ̀bẹ. Mo já ṣéènì, mo tún un kó, ariwo tán. Ẹni tó gbowó mi lẹ́ẹ̀mẹta kò bẹ̀rẹ̀ wo ibẹ̀ rí. Inú ṣì ń bí mi.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú sí i o. Á pa ariwo fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á máa lọ irin bí iyẹ̀pẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ọmọdé má ṣe sún mọ́ ọn nígbà tí ẹ bá ń yí i. Èékánná ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ti bá a lọ.

Bí ṣéènì yín bá gba ibi tó yẹ, ẹ wo sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú, irin eléyín tó wà nídìí pẹ́dàlì, ẹ ò sọ pé ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Eyín tó bá ti tẹ̀ bí èékánná àwòdì á máa há ṣéènì tuntun mọ́ra. Ẹ wo bí irin tí derailleur so mọ́ bá tẹ̀. Wáyà gíà, ẹ mọ ìyẹn. Ẹ tún wo ohun tí wọ́n kọ sára ṣéènì, torí àwọn kan ń gé e tà láìsí páálí: ti gíà mẹ́jọ fẹ̀ tó mìlímítà 7, ti mẹ́wàá ò ju bíi 6 lọ.

Ẹ ya fọ́tò derailleur náà láti ẹ̀yìn, kí rólà méjèèjì hàn dáadáa, kí ẹ fi ránṣẹ́ kí n bá yín wò ó.