Awọ kì í ṣe ọ̀rá, má fi ebi lé e

Àbúrò mi, jọ̀wọ́ má tíì ra ìpara yẹn. O ní o ti dín kílò 38 kù láàárín ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, pé awọ ikùn rẹ wá rọ̀ wálẹ̀ bo orí itan, pé ẹnì kan lọ́jà fẹ́ ta ìpara tó máa fa awọ pọ̀ fún ọ, àti pé o fẹ́ máa jẹun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóòjọ́ títí kílò mẹ́wàá mìíràn á fi lọ, bóyá awọ náà á bá a lọ. Mo ti gba ọ̀nà méjèèjì yẹn kọjá. Ibi tí wọ́n gbé mi dé ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Kílò 127 ni mí lọ́dún 2018. Orúnkún ń dùn mí débi pé jíjókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ di ìyà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn ìrun àsùbáà, láti Gáà Àkànbí dé Ọ̀fà Gàréèjì ní Ìlọrin, àlọ àtàbọ̀. Mo dín tùwó àti ẹ̀bà kù sí ìdajì, mo fi mínírà sílẹ̀ pátápátá. Ó gbà mí ní ọdún méjì àbọ̀ kí n tó dé kílò 78. Aránṣọ ni mí, ínṣì ni mo fi ń mọ ara: ìbàdí mi bọ́ láti 56 sí 43.

Àmọ́ nígbà tí mo bá forí kanlẹ̀ lórí ìrun, màá mọ̀ ọ́n lára bí awọ ikùn mi ṣe ń fì lábẹ́ mi. Awọ apá mi náà ń fì. Ọrùn mi hunjọ. Ìyá mi wá kí wa láti Òró, ó fọwọ́ kan ọrùn mi, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pe ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í pé àìsàn wo ni à ń fi pa mọ́ fún òun. Ìwọ náà mọ ìlú wa: ẹni tó sanra ló ń jayé, ẹni tó rù ló ń jìyà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju awọ fúnra rẹ̀ lọ, torí ara mi ò le tó ìgbà náà rí láyé mi.

Mo wá gbà pé ohun tó ń fì yẹn, ọ̀rá tó kù ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ títí mo fi dé kílò 70. Irun orí mi ń já sọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan òòyì kọ́ mi ní Ọjà Ìpàta níbi tí mo ti ń ra ata, àwọn obìnrin tí mi ò mọ̀ rí ló gbé mi jókòó, tí wọ́n da omi sí mi lórí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, PCV mi, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára, jẹ́ 25, ẹ̀jẹ̀ mi ti kéré jù. Awọ náà ńkọ́? Ńṣe ló tún gùn sí i. Ẹran ara tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ebi ti jẹ.

Dókítà obìnrin tó rí mi nígbà náà ló là mí lójú. Ó fi ìka méjì mú awọ ikùn mi, ó ní kí èmi náà mú un. Ó fẹ́lẹ́ bí awọ ẹ̀yìn ọwọ́. Ó ní tó bá jẹ́ ọ̀rá ló kù níbẹ̀, á nípọn, á kún ìka. Dán an wò lára tìrẹ lónìí.

Ó ní àwọn fọ́nrán kan wà nínú awọ, collagen àti elastin, tó ń jẹ́ kí awọ padà sáyè rẹ̀. Ó yé mi kíá, torí rọ́bà ìdí síkẹ́ẹ̀tì tí mo ti tú kì í ṣe kékeré: èyí tí wọ́n fà fún oṣù díẹ̀ á padà, èyí tí wọ́n ti fà fún ọdún mẹ́wàá, o lè fọ̀ ọ́, o lè lọ̀ ọ́, ó ti kú. Bó ti pẹ́ tó téèyàn fi sanra, iye kílò tó lọ, ọjọ́ orí, oyún, sìgá, oòrùn, àti ohun tí a jogún, gbogbo wọn ló ń pinnu èyí tó máa padà. O ní ọmọ ọdún 29 ni ọ́, tìrẹ ṣì lè dáa ju tèmi tí mo ti lé ní ogójì lọ. Awọ lè máa fà padà díẹ̀díẹ̀ fún ọdún kan sí méjì lẹ́yìn tí ìwọ̀n ara bá ti dúró. Àmọ́ ìpara kankan ò lè rán fọ́nrán tó ti já. Ọ̀já tí wọ́n ń dì mọ́ ikùn náà, ìgbà tó bá wà lára nìkan ló ń gbé e dúró.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀ ni kí ẹran ara kún abẹ́ awọ. Mo padà sídìí oúnjẹ: wàrà, ẹyin, mọ́ínmọ́ín, ẹja. Dókítà ní kí n máa wá púrótéènì tó bíi gíráámù 100 lóòjọ́ fún ìwọ̀n tèmi, ẹyin kan sì rèé, bíi gíráámù 6 péré ló ní. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà márùn-ún méjì ni mo ń gbé sókè gbé sílẹ̀ láràárọ̀. Láàárín ọdún kan, apá àti itan mi kún díẹ̀. Ikùn ò yí padà.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fetí sí jù nìyí, torí o ní ó ń yún ọ lábẹ́ ikùn. O mọ ooru Ìlọrin ní oṣù kẹta sí ìkẹrin. Òógùn á dúró síbi tí awọ ti ṣẹ́po, awọ á máa ra awọ, á bó, á pọ́n, á máa rùn. Ojú tì mí láti sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà ọkọ mi. Mo lọ ra ìpara kan tí wọ́n ní ó ń pa gbogbo kòkòrò ara. Ó tù mí fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn oṣù méjì, awọ ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí ìwé, ó ń ya. Clobetasol ló wà nínú rẹ̀, sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára, tó ń mú awọ tín-ínrín téèyàn bá ń fi pa irú ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ka ara páálí kóo tó sanwó. Tóo bá rí clobetasol tàbí betamethasone tí òun náà jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, dá a padà fún wọn.

Ohun tó wo tèmi sàn ni ìpara clotrimazole tó ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì, tí kò ní sítẹ́rọ́ìdì nínú, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, bí dókítà ṣe kọ ọ́, àti kí ibẹ̀ máa gbẹ. Tí mo bá wẹ̀ tán, màá gbé awọ náà sókè, màá fi aṣọ òwú tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ títí á fi gbẹ, mi ò ní fi ra á. Mo gé aṣọ òwú funfun ní ìbú ínṣì mẹ́rin, mo ṣẹ́ etí rẹ̀, mo ń tẹ́ ẹ sábẹ́ ikùn, mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án. Tí mo bá fọ̀ wọ́n, màá sá wọn sóòrùn, màá lọ̀ wọ́n. Tó bá ń padà wá ṣáá, lọ yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ wò.

Tèmi ń padà wá, bẹ́ẹ̀ ṣúgà mi dáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́dún 2022. Òun nìkan ló ń mú awọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kúrò, mi ò ní purọ́ fún ọ. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ní kí ìwọ̀n mi kọ́kọ́ dúró lójú kan fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, kí ẹ̀jẹ̀ mi sì pé. Ó bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ bímọ, torí oyún á tún fa ohun tí wọ́n bá rán. Ìwọ tóo ṣì ń retí ọmọ, fi sọ́kàn. Ó wo etí mi níbi tí kílọ́ìdì ti yọ lójú ihò yẹtí, ó ní àpá iṣẹ́ abẹ náà lè wú bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé pé panniculectomy ni kí wọ́n gé awọ tó rọ̀ nìkan, pé abdominoplasty tún ń rán ẹran ikùn tó ti ya pọ̀, wọ́n á sì tún ààyè ìdodo ṣe. Èkejì ni mo ṣe. Àjọ ọdún méjì àti ẹ̀rọ ìránṣọ kan ló bá a lọ.

Àpá náà ti ìbàdí kan dé ìkejì. Rọ́bà méjì ń fa omi jáde lára mi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ti mú mi rìn kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí mi lẹ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mi ò fi gbé korobá omi, orí àga ni mo ti ń kírun. Ìkángun kan lára àpá náà ṣí, ó tó oṣù kan àbọ̀ kó tó san. Títí di òní, tí mo bá fọwọ́ kan abẹ́ ìdodo mi, n kì í mọ̀. Síbẹ̀, egbò tó ń bó yẹn tán. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tún forí kanlẹ̀ lórí ẹní, mo pẹ́ níbẹ̀.

Apá mi, mi ò jẹ́ kí wọ́n fọ̀bẹ kàn án. Àpá ibẹ̀ ń hàn síta, ẹ̀rù kílọ́ìdì sì ń bà mí.

Ní ti aṣọ ìgbéyàwó àbúrò ọkọ rẹ lóṣù tó ń bọ̀, sọ fún aránṣọ rẹ pé kó tún ọ wọ̀n látìbẹ̀rẹ̀, kó má lo ìwọ̀n àtijọ́. Wọ ṣòkòtò òwú tó ga dé abẹ́ ọyàn tó sì gùn dé agbede itan sábẹ́ ìró, á gbé ikùn ró, itan ò sì ní máa ra ara wọn. Kó fi láínì sí bùbá náà, kó fi ínṣì méjì sílẹ̀ yípo apá, kó sì jẹ́ kí ọwọ́ aṣọ náà gùn kọjá ìgúnpá.