Oògùn Inú Kẹ́ẹ̀gì àti Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Pẹ̀lú Gánà

Ìbéèrè: Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó ni mí ní Ìdànrè. Ọkùnrin kan ń ta oògùn inú kẹ́ẹ̀gì fún wa, ó ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Gánà ló ṣe é, pé ó ń wo àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú. Báwo ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní Àkúrẹ́ ṣe lè bá wọn tọwọ́ bọ̀wé kí àṣírí rẹ̀ dé ọwọ́ wa? Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ sì ní kí a má jẹ́ kí Gánà rí ìmọ̀ tiwa, nítorí pé ọjà kan náà ni a jọ ń tà.

Ìdáhùn: Ẹ má ra kẹ́ẹ̀gì náà. Kò sí oògùn kankan, yálà èyí tí a ń fín tàbí èyí tí a ń dà sí ìdí igi, tó ń wo àrùn wíwú ẹ̀ka kòkó sàn, ní Gánà tàbí níbòmíràn. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa àrùn náà, kòkòrò kékeré oníyẹ̀fun funfun ló sì ń gbé e láti igi kan sí òmíràn. Ní Gánà, níbi tí wọ́n ti ṣàkíyèsí rẹ̀ ní 1936, gígé ni wọ́n ń gé igi tó bá kó o, iye tí wọ́n sì ti gé lulẹ̀ ti lé ní 200 mílíọ̀nù. Ẹni tó ní oògùn lọ́wọ́ kò ní máa gé igi owó rẹ̀ lulẹ̀. Inú ń bí mi gidigidi sí àwọn tó ń ta irú irọ́ yìí fún àwọn tó fi òógùn ojú kó owó jọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó ká mi lára ju kẹ́ẹ̀gì náà lọ ni èrò tó wà nídìí ìbéèrè yín, pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì dà bí oògùn inú àdó, tí ẹni tó ni ín ń fi pamọ́, tí ẹni tí kò ní sì ń wá ọ̀nà àtigbà á. Èrò yìí ló ń mú kí àwọn kan gbà pé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà kò ju kí ọ̀gá méjì tọwọ́ bọ̀wé, kí wọ́n ya fọ́tò, kí ọ̀kan sì fi àṣírí lé èkejì lọ́wọ́. Òun náà ló ń mú kí àwọn mìíràn ní kí a ti ilẹ̀kùn. A ń bá Gánà du ọjà, òótọ́ ni. A kò bá wọn du àrùn.

Ẹ wo igi inú oko yín. Bí ẹ bá ní èyí tí àwọn àgbà àgbẹ̀ ń pè ní F3 Amazon, igbó odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni irú rẹ̀ ti wá. Ó gba Trinidad kọjá, ó dé Tafo ní Gánà ní 1944, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá WACRI, ilé ìwádìí kòkó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní Tafo, ó sì wá ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn. Ìjọba amúnisìn ló dá a sílẹ̀ fún èrè tirẹ̀, mi ò sì ní yìn ín fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ilé kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún àgbẹ̀ Gánà àti àgbẹ̀ Nàìjíríà. Lẹ́yìn òmìnira, a pín in: Gánà mú Tafo, àwa sì dá CRIN, ilé ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, sílẹ̀ ní 1964, èyí tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ nítòsí Ìbàdàn. Kò burú kí orílẹ̀-èdè ní ilé ìwádìí tirẹ̀, àmọ́ àrùn kò bá wa pín. Phytophthora megakarya, ọ̀kan nínú àwọn ohun tó ń sọ èso kòkó di dúdú tó sì ń jẹ ẹ́ rà, ti wà ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù kí Gánà tó rí i ní 1985, ó sì burú ju irú tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Bí àwa bá ti mọ ìṣe rẹ̀ nígbà òjò, àǹfààní wo ló wà nínú fífi í pamọ́ fún aládùúgbò tí oko rẹ̀ ń jẹrà?

Ti ẹ̀gẹ́ tún hàn kedere ju èyí lọ. Kòkòrò oníyẹ̀fun kan tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá bẹ̀rẹ̀ sí í run ẹ̀gẹ́ ní Kóńgò ní nǹkan bí 1973, ó sì tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1981, wọ́n rí agbọ́n tíńtín kan ní Paraguay tó ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò náà, tí ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ ẹ́ láti inú. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ti àgbáyé tó wà ní Ìbàdàn, sìn ín, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó lé ní 20. Ká ní Paraguay fi agbọ́n náà pamọ́ ni, gààrí ìbá ti wọ́n wa lójú.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le kò sí nínú ìwé àdéhùn. Nígbà kan, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní orílẹ̀-èdè kan tó múlé tì wá jọ ka èso kòkó tó jẹrà fún odidi àkókò òjò kan. Nígbà tí a kó àkọsílẹ̀ pọ̀, a rí i pé ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń kà, wọ́n sì ń já èyí tó jẹrà dànù lẹ́yìn kíkà. Àwa ń kà lóṣooṣù, a sì ń fi í sílẹ̀ lórí igi. Iye méjèèjì kò ṣeé fi wéra. Iṣẹ́ odidi ọdún ṣòfò nítorí pé a kò jókòó fún wákàtí méjì péré kí a fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kà.

Ohun kan wà tó tọ́ kí a ṣọ́. Lábẹ́ Àdéhùn Nagoya, àdéhùn àgbáyé ti 2010, ẹni tó bá fẹ́ mú irúgbìn kúrò nílẹ̀ wa fún ìwádìí ní láti gba àṣẹ, kí ìpín wa sì wà nínú èrè rẹ̀. Lórí ìyẹn, agbẹjọ́rò ni kí ẹ bi, kì í ṣe èmi.

Ní tiyín, ẹ kò nílò láti kọ lẹ́tà sí Accra. Ẹ lọ bá àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, tàbí àwọn olùwádìí ní CRIN, kí ẹ sọ pé ẹgbẹ́ yín fẹ́ yọ̀ǹda oko mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún àkíyèsí, kí ẹ sì béèrè bóyá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà bá ti Tafo mu. Ẹ má gbé ẹ̀ka tàbí èso kọjá ẹnubodè nínú báàgì, bí ọ̀rẹ́ tilẹ̀ bẹ̀ yín. Iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò ni. Mi ò tíì rí oko yín, nítorí náà n kò lè sọ pé àrùn yìí gan-an ló wà níbẹ̀. Ẹ wo ewé tuntun: bí ilà pupa bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan rẹ̀, tí ẹ̀ka wú bí oríkèé ìka, tí èso kéré tó sì rí roboto, ẹ so aṣọ pupa mọ́ igi náà, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rí i sílẹ̀, àti bí ó ṣe jìnnà tó sí igi àràbà tó bá wà nítòsí, nítorí pé àràbà náà lè gbé fáírọ́ọ̀sì yìí sára. Ẹ má sì gé e títí òṣìṣẹ́ yóò fi dé.