Èsì: Bí ẹ ṣe lè rí àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara nílé ìwé

Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí o. Ẹ ní àwọn ọ̀gá ilé ìwé ń sọ pé àwọn ò ní akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó ní ìpèníjà ara, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ yí àkòrí padà. Ẹ má yí i. Ìbéèrè yín ni kí ẹ tún ṣe. Ta ló máa pe ọmọ ẹ̀ ní abirùn fún àlejò tó mú bírò dání?

Ẹ wá ìwé ìbéèrè tí UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ àwọn ọmọdé, àti Washington Group, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò bí wọ́n ṣe ń ka iye àwọn tó ní ìpèníjà ara, gbé jáde lọ́dún 2016 fún ọmọ ọdún 2 sí 17. Ìyá tàbí alágbàtọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ohun tọ́mọ ń ṣe ni wọ́n ń bèèrè: ṣé ó máa ń ṣòro fún un láti ríran, láti gbọ́rọ̀, láti rántí nǹkan? Ìdáhùn sí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìbéèrè náà bẹ̀rẹ̀ láti orí “kò ṣòro rárá” títí dé “kò lè ṣe é rárá”.

Ẹ tún lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì nígbà tí tíṣà bá ń kọ nǹkan sójú bọ́ọ̀dù. Ẹ máa rí ọmọ tó ń wo ìwé ẹnìkejì ẹ̀ kọ ọ́. Olódo ni wọ́n ń pè é. Ó sì lè jẹ́ pé ojú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ gba àṣẹ òbí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ṣá.