Ṣé kí a hú òkú bàbá wa nítorí pé wọ́n sin wọ́n mọ́ àwọn ọmọ ìjọ?

Ìbéèrè: Asalaamu alaikum, Áfáà wa. Ní abúlé wa níhà Ìjùmú, ilẹ̀ ìsìnkú kan ṣoṣo ni ìlú ní. Mùsùlùmí àti ọmọ ìjọ la jọ ń lò ó. Ibẹ̀ la sin bàbá wa sí lọ́dún tó kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ kan wá ń sọ pé ìsìnkú náà kò tọ́, pé ká hú wọn lọ sí Kábà. Ìyá wa kò rí oorun sùn mọ́.

Ìdáhùn: Wa alaikumu salaam. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ìyá yín kí ọkàn wọn balẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ hú òkú yẹn.

Lóòótọ́, ohun tó dára jù ni kí sàréè Mùsùlùmí dá wà. Mo sì mọ ibi tí àwọn ọ̀dọ́ yẹn ti gbọ́ tiwọn. Nínú Muktasar Kaliilu, ìwé òfin ẹ̀sìn tí àwa tí à ń tẹ̀lé Imaamu Máliki ń kà, wọ́n ní bí a bá sin Mùsùlùmí sí ibi sàréè kéfèrí, kí a ṣàtúnṣe rẹ̀, bí a kò bá bẹ̀rù pé ara rẹ̀ ti yí padà. Kí ló dé tí wọn kò ka gbólóhùn náà parí? Ọdún kan ti kọjá, ẹ̀rù pé ara ti yí padà ti wà níbẹ̀! Ìwé kan náà ló sọ pé a kì í hú sàréè níwọ̀n ìgbà tí òkú bá ṣì wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ yín kì í sì í ṣe ti ìjọ, ti gbogbo ìlú ni. Wọ́n wẹ bàbá, wọ́n dì wọ́n láṣọ, wọ́n kírun sí wọn lára. Kò sí ohun tó bà jẹ́. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní fífọ́ eegun òkú dà bí fífọ́ rẹ̀ nígbà tó wà láàyè. Ọmọ wo ló fẹ́ fọ́ eegun bàbá rẹ̀ nítorí ariwo?

Inú bí mi sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ wọ̀nyí. Ẹ ń pe èèyàn ní oníbídíà, ẹni tó ń mú àdádáálẹ̀ wọnú ẹ̀sìn, bàtà yín sì wà lẹ́sẹ̀ láàárín sàréè, bẹ́ẹ̀ Ànábì sọ fún ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ pé kó bọ́ ọ.

Fún ọjọ́ iwájú, kí Léémọ̀mù bá àwọn àgbà ìlú sọ̀rọ̀, kí wọ́n ya igun kan fún wa, kí wọ́n sì ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀. Gábásì, ìhà ìlà-oòrùn tí à ń kọjú sí kírun, ni kí ẹ máa wò bí ẹ bá ń gbẹ́ sàréè, ẹ má wo bí sàréè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe dùbúlẹ̀. Ẹ má sì bú òkú àwọn ọmọ ìjọ: Ànábì dìde fún òkú Júù tí wọ́n ń gbé kọjá, ó ní, “Ṣé ẹ̀mí kọ́ ni?”

Bí àwọn ọ̀dọ́ náà bá tún wá, ẹ ní kí wọ́n wá bá mi lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí wọ́n mú ìwé wọn lọ́wọ́.