Èsì: "Ẹ" ni àbí "o" fún ẹni tí a ò mọ ọjọ́ orí rẹ̀?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹnì kan bínú torí pé ẹ fi "o" bá a sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ ò mọ̀ ọ́n rí. Tèmi ni pé "ẹ" ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. A ò rí ewú orí ara wa lórí ayélujára níbí. Ẹni tó bá kéré, òun fúnra rẹ̀ á sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín ni mí."

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo kọ "ṣé o ò gbọ́ ohun tí mo sọ ni?" sí ẹnì kan tó gbé fọ́tò ọmọdébìnrin sójú ìwé rẹ̀. Àṣé màmá àgbà ló ni ojú ìwé náà, fọ́tò ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n gbé síbẹ̀! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bẹ̀ wọ́n.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tí wọ́n kọ "o" sí náà ṣe sùúrù. Lápá Èkìtì àti Oǹdó, ọ̀pọ̀ ló ń fi "o" bá bàbá wọn sọ̀rọ̀ nílé, wọn ò sì rí i bí àfojúdi. Èyí tó tilẹ̀ ń bí mi nínú jù ni kí èèyàn fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo ọ̀rọ̀, bí ẹni ń jágbe mọ́ni.