Ìrìn ẹmu ní ilẹ̀ Okun: aago adẹ́mu ni kí ẹ tẹ̀ lé

Okun o. Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ Kérésì. Ẹ ní ẹ fẹ́ mú àlejò mẹ́ta láti Èkó wá sí Kàbbà ní ilẹ̀ Okun wa ní ìpínlẹ̀ Kogi, pé wọ́n ti rin oko àjàrà ní Stellenbosch ní South Africa rí, wọ́n sì fẹ́ kí ẹ mú àwọn láti ilé ẹmu kan dé òmíràn láàárín òkè àti àfonífojì wa. Ẹ béèrè ibi tó dára jù, ẹ sì béèrè bóyá kẹ́ẹ̀gì lítà 25 lè dé Èkó láìbàjẹ́. Ọ̀rọ̀ aago ni màá kọ́kọ́ sọ, bí ẹ kò tilẹ̀ bèèrè rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú ìrìn yìí ti ń bàjẹ́.

Ọtí àjàrà lè wà nínú àgbá fún oṣù tàbí ọdún kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò. Bí àlejò dé láàárọ̀, bí ó dé nírọ̀lẹ́, ọtí kan náà ni wọn yóò ṣí fún un. Ẹmu kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Orí igi ló ti ń di ọtí. Omi tó ń kán láti ara ọ̀pẹ dùn gan-an, ṣúgà inú 100 mililítà rẹ̀ lè tó gíráàmù 10 sí 12. Ìwúkàrà sì ti wà nínú afẹ́fẹ́, lára kòkòrò, àti nínú akèrègbè tó ń dúró dè é. Láàárín wákàtí méjì, ọtí inú rẹ̀ lè tó 4%. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ bi ará ìlú pé níbo ni ẹmu ti dùn. Ẹ bi í pé aago mélòó ni wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ sì bi í bóyá wọ́n fọ akèrègbè tí wọ́n fi gbà á.

Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni adẹ́mu ń gun igi, ní kùtù òwúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èyí tó sọ̀ láàárọ̀ ti wà lókè mọ́jú: ó pọ̀, ó sì ti le díẹ̀. Èyí tó sọ̀ nírọ̀lẹ́ ti jẹ oòrùn, ooru a sì máa mú un kan kíákíá. Lásìkò ọyẹ́, tí òru bá tutù, ẹmu òru kì í yára kan tó ti ìgbà ooru. Èyí yóò ṣe yín lóore ní Kérésì. Ìnira tó wà níbẹ̀ ni pé ìgbéyàwó àti ayẹyẹ pọ̀ lásìkò náà, wọ́n ti sanwó ẹmu sílẹ̀, ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù fún ẹni tó kàn yà lójú ọ̀nà ni wọ́n sì ń bomi là jù. Ẹ bá adẹ́mu sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹ san díẹ̀ sílẹ̀, ẹ má san gbogbo rẹ̀. Lítà ni kí ẹ fi dúnàádúrà, torí "kẹ́ẹ̀gì kan" lè jẹ́ 4, ó lè jẹ́ 10, ó lè jẹ́ 25, ìjà rẹ̀ kì í sì í tán bọ̀rọ̀.

Kí aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ tó lù, kí ẹ ti wà nítòsí ọ̀pẹ. Mo ní nítòsí, mi ò ní lábẹ́. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni kí àwọn àlejò fi jìnnà sí igi, torí ọ̀bẹ lè bọ́, imọ̀ gbígbẹ lè já, oyin àti agbọ́n sì fẹ́ràn ẹmu bí àwa náà ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Kí wọ́n má fi lọ́fíńdà sára láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọn yóò rí bí adẹ́mu ṣe ń so igbà yí ara rẹ̀ àti igi ká, tí ó ń fẹ̀yìn tì í, tí ó ń ju igbà sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń gùn. Tó bá dé ọ̀dọ̀ òdòdó akọ tí ó ti là, yóò tú akèrègbè tó kún, yóò wá fi ọ̀bẹ tó mú bí abẹ bẹ́ ojú ọgbẹ́ náà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èékánná. Bíbẹ́ yìí gan-an ni iṣẹ́ ọwọ́ adẹ́mu. Tó bá bẹ́ ẹ nípọn, òdòdó yóò tètè tán. Tó bá fi í sílẹ̀ láìbẹ́, ojú ọgbẹ́ yóò gbẹ, ẹmu kò sì ní kán mọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò tún gbé akèrègbè òfìfo sí i, tí ọ̀nà ẹmu yóò sì gba inú ọparun kékeré wọ inú rẹ̀.

Àlejò tó bá fẹ́ ẹmu dídùn ní láti bẹ̀bẹ̀ lọ́tọ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná tó wà nínú akèrègbè kún fún ìwúkàrà. Àwọn adẹ́mu kan mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ kí ẹmu lè tètè mú. Ẹ ní kí ó fi omi gbígbóná fọ akèrègbè kan, kí ó gbé e kọ́ ní aago mẹ́fà ààbọ̀, kí ó sì sọ̀ ọ́ ní aago mẹ́sàn-án. Kò ní pọ̀, bóyá ife mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín yóò tọ́ ọ wò pẹ̀lú ti òru, ìyàtọ̀ rẹ̀ yóò sì yé àlejò láìsí àlàyé. Ẹ san owó ìgùn kejì yẹn lọ́tọ̀. Tí òjò bá rọ̀, tí ara igi tutù, ẹ má bẹ̀ ẹ́ kó gùn nítorí fọ́tò. Igbà máa ń yọ̀, ẹni tó bá sì já láti orí ọ̀pẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ bèèrè bóyá ẹmu ọ̀pẹ ni tàbí ògùrọ̀. Etí odò àti àbàtà ni igi ògùrọ̀ ń gbé, bàtà òjò ni ẹ nílò kí ẹ tó débẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi náà ń yọ òdòdó, tó bá ti yọ ọ́ tán, ó ń kú nìyẹn, nítorí náà adẹ́mu ní láti mọ àkókò tó fẹ́ yọ. Ọ̀pẹ ní tirẹ̀ lè máa fún wa ní ẹmu kó sì máa so ẹyìn lọ, tó bá jẹ́ òdòdó rẹ̀ ni wọ́n ń bẹ́. Àwọn mìíràn a máa gé ọ̀pẹ lulẹ̀ kí wọ́n tó dá a. Ẹmu rẹ̀ pọ̀ fún ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà igi ti lọ. Lójú tèmi, ẹ má mú àlejò lọ síbẹ̀ bí ẹ bá rí ẹni tó ń gùn.

Ẹ mú ife gíláàsì lọ́wọ́, torí igbá àti ike kì í jẹ́ kí ojú rí nǹkan. Ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sínú ohun tó mọ́ máa ń mọ́ gaara. Bí ìwúkàrà ṣe ń pọ̀ ló ń funfun bí omi ògì, nítorí náà fífunfun kì í ṣe àbùkù. Ẹ wo bó ṣe ń hó: ìfófó tó dára kéré, ó ń gòkè láti ìsàlẹ̀ láìdáwọ́ dúró, a sì máa pẹ́ létí ife. Èyí tí wọ́n bu omi sí, ìfófó rẹ̀ tóbi, ó sì ń fọ́ pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́, ẹnu kì í rí nǹkan kan dì mú. Tí wọ́n bá fi sákárìn, èròjà adùn tí kì í ṣe ṣúgà, bo omi náà mọ́lẹ̀, yóò dùn níwájú ahọ́n, lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e mì ni ìkorò bíi ti irin yóò jáde. Ẹmu àná tí wọ́n pò mọ́ ti òní ló ṣòroó mọ̀ jù: ó dùn, ó sì tún ń ta lọ́fun lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó tà á kọ́kọ́ mu, kí ẹ sì fi asẹ́ tàbí aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ.

Ní ti ọ̀nà, ẹ sùn ní Kàbbà. Ọjọ́ kan fún ìhà Ìjùmú, kí ẹ yà sí Ọ̀gìdì, níbi tí àpáta ti yí ìlú ká, tí ibùdó ọnà Nike Davies-Okundaye, gbajúmọ̀ aláàdìrẹ, sì wà. Ẹmu àárọ̀, lẹ́yìn náà aṣọ àti àpáta, iyán lọ́sàn-án. Tí ẹ bá ní ọjọ́ kejì, ẹ gba ìhà Mọ̀pà àti Ìsánlú ní Yàgbà. Ibi méjì lóòjọ́ tó. Ibi mẹ́rin yóò sọ ẹnu di kíkú, wọn kò sì ní lè tu ẹmu dà sínú garawa bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Stellenbosch, torí àgbàlagbà tó bu ẹmu fún ènìyàn kò ní mọ̀ ọ́n sí nǹkan mìíràn ju ìwọ̀sí. Kí wọ́n gba ife kékeré. Ẹ má wọ ọ̀nà oko ní ìrọ̀lẹ́ nítorí àwọn ajínigbé, kí ẹ sì bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ bí ọ̀nà ṣe rí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Tí ẹ bá fẹ́ rí ìgùn ìrọ̀lẹ́, ẹ wá ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé.

Kí awakọ̀ má mu rárá. Kí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà má tàn ara rẹ̀ pé ẹmu tuntun kì í ṣe ọtí: ife 300 mililítà rẹ̀ lè ní ṣúgà tó gíráàmù 30. Tí ẹnikẹ́ni bá sì fi ògógóró lọ̀ yín, ẹ dúpẹ́, kí ẹ kọ̀ ọ́, àyàfi tí ẹ bá mọ ẹni tó sè é. Ní 2015, ní Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, èèyàn ń kú léraléra títí wọ́n fi rò pé àrùn àjèjì ni. Mẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, ni àyẹ̀wò bá lára wọn, ògógóró ni wọ́n sì ti mu ún.

Ó wá ku kẹ́ẹ̀gì Èkó. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25, lítà 20 ni kí ẹ rọ sí i. Ẹ má dé e pa, ẹ yí ìdérí rẹ̀ díẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa jáde. Àìṣe bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí kẹ́ẹ̀gì wú, kí ó sì bẹ́ sínú bùútù. Ẹ fi àpò tútù wé e, ẹ gbé e dúró, kí yìnyín wà níta rẹ̀, kó má wọ inú rẹ̀. Bó ti wù kó rí, líle ni yóò dé Èkó.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ó ṣì dùn, ẹ sẹ́ ẹ láàárọ̀ náà, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tó nípọn, kí ẹ fi ìka mẹ́ta sílẹ̀ lókè, kí ẹ fi ìdérí onírin tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ tò wọ́n sínú ìkòkò omi tútù lórí aṣọ, kí ẹ tó dáná, torí ìgò tútù tó bọ́ sómi gbígbóná yóò là. Ẹ jẹ́ kí ooru dé nǹkan bí 70°C, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kí ó má hó. Tó bá hó, adùn sísè ni yóò máa dùn, bí àgbàdo tútù, ìgò sì lè bẹ́. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń gbà tọ́jú ẹmu inú ìgò tí NIFOR, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ ti ìjọba àpapọ̀ lẹ́bàá Benin, ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí omi náà tutù fúnra rẹ̀ kí ẹ tó yọ wọ́n. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tí ẹ bá rí nísàlẹ̀ ìgò ní Èkó, ìwúkàrà tó ti kú ni. Ẹ rọra yí ìgò náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó ṣí i.