Ìdajì owó yòókù dà?

Lẹ́tà rẹ gùn, arábìnrin, ọ̀rọ̀ owó orí ló sì gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. O ní ọkọ rẹ ń bínú pé ò ń ka owó lé obìnrin tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ilé lọ́wọ́ lóṣooṣù, pé báńkì ló yẹ kó gbà kọjá nítorí owó orí. O wá ń bi mí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n o ju gbólóhùn kan sáàárín, bí ẹni tó ń kọjá lọ: "mo máa ń bá a tọ́jú ìdajì, kó má baà ná an ní ìnákúnàá."

Dúró ná. Ta ló ní kí o bá a tọ́jú ẹ̀?

Mo ka lẹ́tà náà látòkè délẹ̀, n ò rí ibi tó ti bẹ̀ ọ́. N ò rí iye tó wà lọ́wọ́ rẹ, n ò sì rí ìwé tí ẹ kọ ọ́ sí. Ohun tí mo rí ni pé ìgbà tí àbíkẹ́yìn rẹ wà lọ́mọ ọwọ́ ló ti débẹ̀, àbíkẹ́yìn ọ̀hún sì ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Bí nǹkan bá ṣe ọ́ lọ́la, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ta ni yóò sọ fún ọkọ rẹ pé owó olówó wà nílé? Ṣé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni kó wá wí i, kí wọ́n pè é ní òpùrọ́?

Má sọ fún mi pé àánú ni. Irú lẹ́tà yìí kì í tán lọ́dọ̀ mi, gbogbo wọn ló ń ṣàánú. Ìwọ náà ń gba owó oṣù. Ṣé ọ̀gá rẹ ń bá ọ tọ́jú ìdajì, torí pé o ra bàtà tí kò wù ú?

Sísan owó lọ́wọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àdéhùn 189 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe lọ́dún 2011 nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ilé sọ ọ́ ní abala 12: kí a san owó wọn fún wọn ní tààrà, lówó, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Wọ́n fàyè gba báńkì bí òṣìṣẹ́ bá fọwọ́ sí i. Ní tààrà, wọ́n ní. Wọn ò dárúkọ dúrọ́ọ̀ tí ò ń kó ìdajì sí.

Àìsí àkọsílẹ̀ ni wàhálà owó lọ́wọ́. Obìnrin náà ti gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń lọ sílé, o ka owó lé e lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kò ní kà á lójú rẹ, kí o má baà rò pé kò fọkàn tán ọ. Bó bá délé tí kò pé, kí ni yóò sọ? Lọ́jọ́ tí ìjà bá sì dé, ọ̀rọ̀ ta ni wọn yóò gbọ́?

Ní ti owó orí, ọkọ rẹ béèrè ohun tó yẹ. Owó lọ́wọ́ kò yọ ẹnikẹ́ni nínú òfin ìlú tó ń gbé. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbà á.

Ní tìrẹ, jókòó lálẹ́ òní, ṣírò owó náà láti oṣù àkọ́kọ́. Kó gbogbo rẹ̀ fún un, kí o sì ní kó kà á níwájú rẹ. Lẹ́yìn náà, bó bá fẹnu ara rẹ̀ ní kí o bá òun pa á mọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó bá béèrè, má bi í ohun tó fẹ́ fi ṣe. Bí owó náà kò bá sì pé mọ́, nítorí ó ń ṣe mí bíi pé o ti ń mú níbẹ̀, gbèsè lo jẹ. Bẹ̀rẹ̀ sí í san án kí o tó tún kọ lẹ́tà sí mi.